Owó Ìfẹ̀yìntì Bàbá Rẹ Tó Ṣì Wà Lọ́wọ́ Mi

Ilé Àkànní, Ìfànyìn
Ọjọ́ Àìkú, oṣù karùn-ún

Scholastique ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara àwọn ọmọ le? Ọlọ́run tó mú yín dé Kútọnu kò ní fi yín sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà wà, àgbàdo ti yọ ní Banigbé, àbúrò bàbá rẹ kò sì tíì dá àdá tó yá nígbà ìsìnkú padà.

Jókòó kí o tó ka ìyókù. O rántí pé lọ́dún tó kọjá o ní kí n san èyí tó kù nínú owó tí bàbá rẹ ń dá lóṣooṣù fún ìfẹ̀yìntì, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì sẹ́fà, kí ọdún tó parí, pé nígbà tí a bá ń kọ ìwé owó orí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóṣù kẹrin, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, owó orí á sì dín. Mi ò san án. Mo rò ó pé agbowó-orí wo ló máa rí ẹni tó ń kó owó pamọ́ de ọjọ́ ogbó tí kò ní fi kún owó orí rẹ̀? Mo rì í sínú ìkòkò gàrí, mo ní tí wọ́n bá gba owó orí tán, n óò lọ san án.

Oṣù kẹta ni bàbá rẹ ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìgòlò. Lọ́jọ́ kejì, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó bi mí bóyá mo ti san án. Mo ní mo ti san án. Ó ní ó dáa, ebi ò ní pa mí nìyẹn. Kò sọ nǹkan mìíràn tó yé mi mọ́.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ikú rẹ̀ mo gbé owó náà lọ sí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ní Àjàṣẹ́, èmi àti ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́ta fún akọ̀wé. Ṣebí o mọ àjọ wa, tí ẹnì kan bá kú, ìyàwó rẹ̀ á máa dá a lọ, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ la sì kọ́kọ́ ń kó o fún; mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó béèrè ibi tí ẹni tó ni owó ń gbé, mo kọ ọ́ pé nílé, torí yàrá rẹ̀ la sin ín sí. Akọ̀wé náà, Hugues, ní kí bàbá wá buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀. Mo ní kò lè dìde. Ó ní ṣé àìsàn náà le ni. Mo ní ó ti tán, ó ti kú.

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn kì í gba owó lọ́wọ́ òkú, pé owó oṣù mẹ́ta péré ló kù kí ti bàbá pé, ká ní ó ti wọlé kí ọdún tó parí, ǹ bá máa gba díẹ̀ lóṣooṣù títí n óò fi kú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi mí síwájú àwọn tí kò tíì ṣọ̀fọ̀. Ó bá mi gbé ọ̀pẹ òyìnbó náà dé ẹnu ọ̀nà.

Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Páànù ti ń jò sórí ibi tí bàbá rẹ sùn sí, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rán Sadatou tó ń kó gàrí wá sí Kútọnu, má fi í sínú fóònù, mi ò mọ ibi tó ń gbà jáde. Má sì sọ pé ṣebí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì wà lọ́wọ́ mi. Ó wà nínú ìkòkò, n kò lè ná an. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé mo ti san án.

San tìrẹ kí ọdún tó parí. Wàá dàgbà, wàá jẹ ẹ́, ọkọ rẹ á bá ọ jẹ ẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
Ọyakẹ́mi