Súwẹ́tà Nínú Oòrùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá
Ẹlẹ́yín tún dúró síbi àtẹ̀gùn – kíláàsì kan náà la wà, eyín ẹ̀ kì í wọlé. Mo ń kọjá, ó tún fọwọ́ kan mi níbi tí kò yẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó dà bíi pé mo wà nísàlẹ̀ odò, tí mo ń gbọ́ wọn lókè.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje
Mo wọ súwẹ́tà. Oòrùn mú janjan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo sọ fún tíṣà ìṣirò. Kò gbójú sókè. Ó ní eré ọmọdé ni, kí n má dá a lóhùn, á sú u. Mo padà sí kíláàsì. Ìkùukùu kan ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lójú fèrèsé, mo bá a lọ. Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá
Kò sú u.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá
Màmá ń lọṣọ. Ó bi mí pé kí ló dé tí súwẹ́tà mi ń rùn fún òógùn báyìí. Mo ní kò sí. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó jókòó tì mí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ – ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu mi fúnra ẹ̀. Mo rò pé á pariwo. Ó kàn di ọwọ́ mi mú. "O ò ṣe nǹkan kan. Ṣó o gbọ́?"

Ajé, ọjọ́ kẹtàlá
Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Tíṣà tún ní eré ni. Màmá mi, tí kì í lè bá tíṣà jiyàn, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, eré tó ń pa ẹnì kan lẹ́rìn-ín, tó ń pa ẹnì kejì lẹ́kún, ṣé eré la máa pè é?" Tíṣà wolẹ̀. Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe bàbá Ẹlẹ́yín, wọ́n ní kí ọmọ náà máa gbélé ná. Bàbá ẹ̀ ò wojú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Mi ò yọ̀. Mo kàn ń mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá
Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Aláriwo – òun ni ẹ̀rín ẹ̀ máa ń ròkè jù láàárín àwọn ọmọbìnrin – ní mo ti ba kíláàsì jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Àkókò ìsinmi. Kíláàsì ṣófo, eruku ń léfòó nínú ìmọ́lẹ̀. Aláriwo wá dúró nídìí bẹ́ńṣì mi. Ohùn ẹ̀ ò jáde dáadáa.
"Èmi náà. Láti sáà tó kọjá. Mo rò pé tí mo bá ń rẹ́rìn-ín, Ẹlẹ́yín á fi mí sílẹ̀."
Mo sún. Ó jókòó.