Jágúà Oníjòkòó Méjì

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí mo sì ń bínú sí,

Mi ò ní béèrè àlàáfíà yín, nítorí kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dá mi lóhùn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní Òdòde Ìdànrè. Kòkó so ní oko yín l'Átòsin lọ́dún yìí. Ara Màmá mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìròyìn rere tí mo ní kò ju ìyẹn lọ. Ìyókù dá lórí mọ́tò yín, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi, nítorí ẹ ò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu mọ́.

Jágúà yín ṣì wà lábẹ́ páànù tí ẹ kọ́ fún un lẹ́yìn ilé, àmọ́ kò ní táyà kankan lẹ́sẹ̀. Orí bulọ́ọ̀kù ló jókòó lé. Adìẹ ìyàwó yín àgbà ló ń yé sínú rẹ̀, lórí ìjókòó aláwọ pupa tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tútù kàn. Ó wù mí kó jẹ́ pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e dé. Òyìnbó ìjọba kan l'Ákùúrẹ́ ló ń padà sí ìlú rẹ̀, ẹ sì ra mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tí kòkó lówó lórí gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ yín ń ra lọ́rì, wọ́n ń kọ́ ilé alájà. Ẹ̀yin lọ ra mọ́tò tó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè wo orí awakọ̀, tí imú rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, tí kò lè gbé ẹyọ àpò kòkó kan. Bàbá Ṣadé, àbúrò yín, fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì bí ìyá ṣe ń gbọ́ mímí ọmọ rẹ̀ tó sùn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń gbọ́ ọ láràárọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan oúnjẹ.

Ọ̀nà wa kò ṣe mọ́tò náà lóore. Ẹ máa ń rán àwọn lébìrà yín, àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó ń bá wa ṣe kòkó, pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ fi yangí dí kòtò kí ẹ tó jáde lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n á lọ, wọ́n á sì máa kùn pé àwọn ò wá sí Ìdànrè láti wá tẹ́ ẹní fún mọ́tò. Gbogbo lọ́rì ìlú ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá lẹ́yìn yín, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìjókòó méjì péré ló wà nínú mọ́tò náà, ìyàwó mẹ́rin sì ló wà nílé. Ta ni yóò kọ́kọ́ jókòó? Ẹ ro ó títí, ẹ wá pàṣẹ pé ìyàwó kankan ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, kó má baà dìjà. Ẹ rò pé ẹ ṣe é bó ṣe yẹ. Màmá mi ò wọ mọ́tò yín rí títí ẹ fi kú. Ẹ ò rí i bó ṣe máa ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Èmi rí i, mi ò sì sọ fún un pé mo rí i.

Àwa ọmọ nìkan lẹ máa ń gbé, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìsìn, dé Owena, kí ẹ tó yí padà. Ẹ á ti aṣọ tó bo orí mọ́tò sẹ́yìn, ẹ á dé fìlà yín mọ́rí dáadáa, ẹ á máa fi imú kọrin. Mi ò mọ ẹni tí inú rẹ̀ lè dùn tó tèmi lọ́jọ́ tó bá kàn mí.

Bó ṣe rí nìyẹn títí di Ìsinmi tí ẹ pa ẹ́ńjìnnì létí odò Owena. Mo ti yege ìdánwò láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà, Màmá mi ti ń rán aṣọ fún mi. Ẹ ní mi ò ní lọ mọ́. Ẹ ní ìwé àwọn ọmọkùnrin ló ká yín lára, pé èmi ò ní pẹ́ lọ sílé ọkọ. Mo sunkún débi pé mi ò ríran. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ yí wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ ní kí n sún sí ìdí sítẹ́árìn. Ẹ fi ẹsẹ̀ mi lé kílọ́ọ̀ṣì. Mọ́tò ta kìjí, ó kú. Ó tún ta kìjí, ó tún kú. Ẹ kò jágbe mọ́ mi. Nígbà tó wá lọ, atẹ́gùn gbé gèlè mi sọ sínú igbó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà lẹ sọ ọ́.

"Tìẹ ni mọ́tò yìí, ọmọ mi. Bí mi ò bá sí mọ́, ìwọ ni kí o máa wà á."

Mo gbà. Ẹ gbọ́ o, Bàbá, mo gbà. Mo fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, mo gba mọ́tò, mi ò sì tún mẹ́nu kan ìwé sí yín létí mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ́ di tèmi. Èmi ni mò ń fi awọ fẹ́lẹ́ nu ara rẹ̀. Èmi ni mò ń nu àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi dán. Mo mọ̀ pé kì í fẹ́ jí láàárọ̀ òtútù, pé ara rẹ̀ máa ń gbóná tí a bá ti ń gun òkè, pé a gbọ́dọ̀ dúró kí ó mí díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé níwèé, èmi ń kọ́ Jágúà.

Ṣùgbọ́n lójú àwọn èèyàn ńkọ́? Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá Ṣadé bi yín lójú gbogbo ẹbí pé ta ni mọ́tò yìí máa kàn lẹ́yìn yín? Èmi ni mo gbé abọ́ omi tí ẹ fi ń ṣanwọ́ dání. Ẹ wò mí, ẹ gbójú kúrò, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí wọ́n bu ẹmu sí i. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ lẹ́nu yín lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ojú ń tì yín pé obìnrin ni mí ni? Àbí ẹ̀rù àbúrò yín ló ń bà yín?

Nígbà tí ikọ́ gbé yín lọ, tí a sin yín tán, tí gbogbo ìnáwó parí, ẹbí jókòó láti pín ogún. Wọ́n pín oko, wọ́n pín ilé, ní ìdí-igi ní ìdí-igi, kí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Nígbà tó kan mọ́tò, mo dìde, mo ní ẹ ti fún mi. Bàbá Ṣadé bi mí pé, "Ta ló gbọ́ ọ?" Mo ní èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà nínú mọ́tò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Màmá mi fa aṣọ mi kí n jókòó. Mo wo ojú àwọn ọmọ bàbá mi. Bọ̀ọ̀dá Akin, àkọ́bí yín tó ń ṣe tíṣà l'Ákùúrẹ́, tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Àǹtí Fúnkẹ́, ọmọ ìyàwó yín kejì, ń ká etí ìró rẹ̀. Ṣẹ̀yẹ, àbíkẹ́yìn yín, dìde, ó jáde. Mo rò pé wọ́n kórìíra mi ni.

Bàbá Ṣadé ló wá rí ọgbọ́n dá sí i. Ó ní ìdí-igi mẹ́rin ló wà nínú ilé, táyà mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò, kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, kó má baà sí ẹni tó máa dá gbé e jáde láìsí àwọn yòókù. Táyà karùn-ún, ti ìpààrọ̀ tó wà lẹ́yìn, ẹbí ló gbà á. Gbogbo ilé yìn ín. Wọ́n mú òòlù onígi yín, wọ́n lu àwọn ìdè irin tó di ẹsẹ̀ mọ́tò mú títí wọ́n fi tú. Mo yí tiwa lọ sílé, Màmá mi tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Dókítà kan láti Àkúrẹ́ wá, ó fẹ́ ra mọ́tò náà. Ẹbí ní kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan gbé táyà tirẹ̀ wá. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi áńkáṣífù funfun ara rẹ̀ nu ìgbẹ́ adìẹ kúrò lórí ìjókòó, ó ní òun rí irú rẹ̀ nígbà tí òun ń kàwé ní ìlú òyìnbó, pé àwọn tó ni ín níbẹ̀ ń ṣìkẹ́ ẹ débi pé wọn kì í jẹ́ kí òjò pa á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Mo sì jókòó lórí táyà wa, mo ní mi ò tà, ẹ ti fún mi létí odò Owena. Bàbá Ṣadé ti ń ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín.

Ni Ṣẹ̀yẹ bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà."

Ó ní nígbà tí ẹ ń gbé òun lọ sí ọsibítù nítorí ẹsẹ̀ òun ni, tí ẹ̀rù ń ba òun pé wọ́n máa gé e. Àǹtí Fúnkẹ́ bú sẹ́kún. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi òun fún ọkọ tí òun kò fẹ́ ni ẹ gbé òun jáde, tí ẹ sì sọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá Akin ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní nígbà kan òun ti fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí òun lọ sí Èkó, kí òun má padà wá mọ́. Ó ní ẹ gbé òun jáde, ẹ dúró létí odò Owena, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. "Tìẹ ni mọ́tò yìí, ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ kan náà, Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ yí i padà. Ìjókòó méjì péré ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni kẹta tó lè gbọ́. Lọ́jọ́ ìpín ogún, wọ́n rí bí ẹbí ṣe fi mí rẹ́rìn-ín, oníkálukú wọn bá gbé tirẹ̀ mì.

Dókítà náà ká áńkáṣífù rẹ̀ sápò, ó kí wa, ó lọ. Bàbá Ṣadé bẹ̀ wá pé bó ti jẹ́ ti gbogbo wa, kí a jẹ́ kí wọ́n tà á. Bọ̀ọ̀dá Akin ní òun ò tà, òun ni àrẹ̀mọ, òun ló ni ín. Àǹtí Fúnkẹ́ ní òun ò tà. Ṣẹ̀yẹ ti ń yí táyà rẹ̀ lọ. Mo gbé tèmi.

Ṣé ẹ̀kún wa ni kò jẹ́ kí ẹ lè sùn? Ṣé mọ́tò yìí lẹ fi ń san gbogbo ohun tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ ọmọ? Kọ́lẹ́ẹ̀jì mi, ọkọ tí Àǹtí Fúnkẹ́ ò fẹ́, Èkó tí Bọ̀ọ̀dá Akin ò dé. Mo bínú sí yín, Bàbá. Mo bínú débi pé mi ò lè lọ sí ibojì yín ní Ìsinmi yìí, Màmá mi nìkan ló lọ tu koríko rẹ̀.

Mo ti gbìyànjú láti gbà pé gbogbo wa lẹ tàn. Kò wọ inú mi. Bọ̀ọ̀dá Akin mọ̀ dájú pé òun nìkan lẹ sọ òótọ́ fún, pé ṣe lẹ kàn fi ń rẹ àwa yòókù lẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àǹtí Fúnkẹ́ rò, bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣẹ̀yẹ. Àánú wọn ń ṣe mí, nítorí wọn ò gbọ́ bí ohùn yín ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọ́ fún mi.

Mo ṣì fẹ́ràn yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ni mọ́tò.