Ìkíni tí mo kí Màmá tísà fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn

Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dá sí i. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. JSS 3 ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń wà ní Abẹ́òkúta níbí, Òwu ni mò ń gbé. Prof kan láti yunifásítì ló háyà mi lọ́dún tó kọjá, obìnrin ni wọ́n, wọ́n ń ṣèwádìí lórí iṣẹ́ tísà àti òṣìṣẹ́ ìjọba, bí òfin tí ìjọba ń ṣe sórí ẹ̀kọ́ ṣe ń bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà fínra. Ilé la ti máa ń lọ bá àwọn tísà, torí wọ́n ń bẹ̀rù ọ̀gá, kò sì sẹ́ni tó ń wo kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo ni Prof kìlọ̀ fún mi, pé tí mo bá pàdé èyíkéyìí nínú wọn níta, kí n ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Mo ní yes ma. Ṣé ìyẹn náà le ni?

Màmá kan wà ní Kemta, tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ tí a lọ, wọn ò gbà kí n jókòó sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí n wọlé wá jẹun. Mò ń jẹ ìrẹsì ọ̀fàdà, mò ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún Prof... pé àwọn nìkan ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta nínú yàrá kan, torí àwọn tísà tó fẹ̀yìntì ò ní arọ́pò, àmọ́ lọ́jọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò bá ń bọ̀, ọ̀gá ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ á lọ yá tísà láti ilé ìwé mìíràn, á tò wọ́n síwájú kíláàsì. Tí aláyẹ̀wò bá ti lọ, àwọn náà á lọ. Màmá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ọmọ ti ń pè wọ́n ní tísà àlejò.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo gbé èrò lọ sí ilé ìwé Màmá, mo bá wọn lẹ́nu géètì, àwọn àti ọkùnrin kan tó wọ kóòtù. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé, mi ò lè jẹun àgbà tán kí n wá rí wọn kí n kọjá bí ewúrẹ́. Ara mi ò gbà á. Mo páàkì, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ ṣeun fún oúnjẹ ọjọ́sí. Prof ò yé sọ̀rọ̀ yín." Màmá kàn ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́ o. Prof wo nìyẹn?" Kí ló dé tí mi ò dákẹ́? Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi náà ń bá èèyàn ńlá ṣiṣẹ́, mo ní Prof tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ tísà ni. Àṣé ọ̀gá ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni. Ó gba nọ́ńbà mi, ó ní òun máa ń nílò kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí Prof ka ìwádìí wọn síta, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ tísà àlejò dé orí rédíò, ọ̀gá sì ti mọ ilé tó ti jáde. Wọ́n ti ní kí Màmá wá jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n lè lé wọn, wọ́n sì lè dá pẹ́ńṣàn wọn dúró.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyí. Ọ̀gá yẹn ń pè mí láràárọ̀. Kì í pariwo, á béèrè àlàáfíà mi ná. Mi ò sọ ibi tí mò ń gbé fún un rí o, àmọ́ mo délé ní ọjọ́ Ẹtì, mo bá mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé wa, òun àti ìyá mi jọ ń ṣàwàdà. Ó fẹ́ kí n mú òun yí ká gbogbo ilé tí mo gbé Prof lọ. Ó ní òun á fi mí sẹ́nu iṣẹ́ dírẹ́bà ní ọ́fíìsì wọn, iṣẹ́ ìjọba. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́, wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tí mo sìn ín dé ìdí mọ́tò, mo ní mi ò rántí àwọn ilé náà dáadáa mọ́. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Wàá rántí. Mo mọ àwọn alága yín ní gárééjì, wọ́n á bá ẹ rántí." Àárọ̀ ọ̀la ló ní òun ń bọ̀...

Prof bi mí bóyá mo sọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni, mo ní rárá. Wọ́n wá bi Màmá. Màmá tó rí mi, tó gbọ́ mi, wọ́n ní ó jọ pé àwọn fúnra àwọn ló ṣèèṣì sọ ọ́ jáde. Wọn ò dárúkọ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ kìlọ̀ fún àwọn tísà yòókù lálẹ́ òní? Ṣé kí n sá kúrò nílùú, kí ìyá mi wá kojú ọkùnrin yẹn? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún Prof? Màmá ru ẹ̀bi mi sórí, wọ́n fẹ́ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì lè lọ sí Kemta lọ sọ "ẹ forí jì mí, mà" fún wọn. Mo jẹ wọ́n ní gbèsè ìyẹn.