Ẹyẹ Tó Ń Ké Lápá Òsì

Ilé Àdìsá,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Masifa, nítòsí Èjìgbò.

Nùrúdíìnì Àjàní, ọmọ mi,

Asàláámù àlékùm. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Qàwíyyàt ìyàwó rẹ ńkọ́, Irfan ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn dáadáa, ṣé kò ṣubú mọ́? Ọlọ́run Ọba Àánú ni mo fi yín lé lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kí ẹ fi ẹsẹ̀ kọ, kò ní jẹ́ kí Èkó fi yín ṣe oúnjẹ àárọ̀, bí ẹ bá ti ń jáde ni ẹ ó máa wọlé padà, ẹ ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bí o bá bi mí léèrè àwa ará ilé, à ń mí. Ọyẹ́ tọdún yìí mú ju ti èṣí lọ, ètè gbogbo wa ti là, ikọ́ kan sì yà sọ́dọ̀ mi níbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ tí kò tíì rántí ọ̀nà ilé rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò tìtorí ikọ́ kọ̀wé, a ó dé ibẹ̀.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Mo ti gbìyànjú fóònù. Mo ti kíyè sí fóònù yìí, ó ní ohun tó fẹ́ràn láti gbọ́, ó sì ní èyí tí kò fẹ́. Bí o bá pè lọ́jọ́ Jímọ̀, tí o bi mí pé ṣé mo ti bo àwọn àpótí, ṣé eku ò tíì dé ìdí wáyà, ṣé ẹnì kankan kò gbé nǹkan lé ẹ̀rọ lórí, ohùn rẹ á mọ́ gaara bíi pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lo wà. Bí mo bá wá ní orúnkún mi báyìí, nẹ́tíwọọ̀kì á lọ. Mo gbé fóònù náà tọ ọkùnrin tó ń tún un ṣe lọ́jà Èjìgbò, mo ní kó bá mi yọ ohun tó kórìíra orúnkún nínú rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó wojú mi, ó ní Màmá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ló ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bu ọ̀rọ̀ sínú ìwé, ìwé tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà tí o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ìwé kì í ní nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹni tó bá gbà á yóò kà á délẹ̀ ni, tàbí kó ṣe bí ẹni tí kò rí i, Ọlọ́run sì ń wò ó.

Ẹ̀rọ orin rẹ àti àwọn ẹrù rẹ̀ tí o kó wá lẹ́yìn Iléyá èṣí, nígbà tí Qàwíyyàt ní bí wọn ò bá kúrò ní pálọ̀ yín òun á kúrò níbẹ̀ fún wọn, gbogbo wọn wà ní àlàáfíà. Àpótí méjèèjì tó ga dé àyà mi ṣì dúró níbi tí o fi wọ́n sí, wọ́n kọjú sí àga kan ṣoṣo tó wà láàárín pálọ̀, bí ẹbí ìyàwó tó wá gbọ́ ẹjọ́. Èmi kì í jókòó sórí àga náà, o ní n kò gbọdọ̀ sún un. Sólà tí o gbé sórí òrùlé náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. O ní ti ẹ̀rọ nìkan ni, o ní bí mo bá fi fírìjì sí i, fírìjì á sọ iná náà di ìdọ̀tí, orin kò sì ní mọ́ mọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iná máa ń dọ̀tí, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn mo ń fi àkísà gbígbẹ nu wáyà rẹ̀ láràárọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ̀rọ rẹ á jókòó sínú iná mímọ́, èmi á máa fi tọ́ọ̀ṣì wá ọ̀nà ṣáláńgá.

Àwọn tí o ní kí n máa ṣílẹ̀kùn fún náà ń wá. Alàájì Mùtàlíbù tó bá olóògbé bàbá rẹ, Ọlọ́run forí jì í, ta aṣọ ní Abidjan, òun ni ẹnì kan. Tíṣà Oyèníran láti ìlú Ara, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣe ìjọ Onítẹ̀bọmi, òun ni ẹnì kejì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n ń dé. Lọ́jọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ wọlé, kò jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ ní igun pálọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí. Èmi tó wà ní yàrá ní ẹ wọlé o. Ó tún pàtẹ́wọ́, mo ní ẹ wọlé, kò sájá. Ó tún pa á, mo jáde pẹ̀lú ìbínú, àfi bí mo ṣe bá a nínú ilé. Ó ní ògiri wa ti ń fèsì jù. Mo bá ògiri tọrọ àforíjì. Ni wọ́n bá gba bùláńkẹ́ẹ̀tì nínípọn tí bàbá rẹ rà bọ̀ fún mi láti Abidjan, wọ́n kàn án mọ́ ògiri kí ó lè panu mọ́, nínú ọyẹ́ yìí o. Ara ògiri ti móoru báyìí. Èmi ni mò ń wúkọ́.

Wọ́n ní orí àga kan yẹn nìkan ni ohùn ti ń pé, ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà wọn kì í jókòó bí ọmọ ènìyàn ti ń jókòó bí ọ̀rẹ́ bá bẹ ọ̀rẹ́ wò, ńṣe ni wọ́n ń tò sẹ́yìn ara wọn bí èrò orí ọ̀kadà, Alàájì níwájú, Tíṣà lẹ́yìn, bí àwo orin bá parí wọ́n á pààrọ̀. Wọ́n á dijú, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Bàrákátù aládùúgbò wa yọjú wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ó kí mi pé ẹ kú ọ̀fọ̀, ó ní ta ló kú. Wọ́n ní láàárín àpótí méjèèjì gan-an ni obìnrin olórin dúró sí. Mo lọ wo ẹ̀yìn tábìlì tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, mi ò bá ẹnì kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í bá àgbàlagbà méjì jiyàn lórí obìnrin tí wọ́n jọ rí.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ẹnì kan kì í jẹ ẹ̀pà kí èkejì tó dé. Nígbà tí ọ̀kadà dà Tíṣà nù lọ́nà Ara, Alàájì ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé e wá tó ń gbé e padà, ó sì fi àga iwájú sílẹ̀ fún un títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi san. Wáyà nìkan ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹnì kan bá Alàájì mú wáyà kan bọ̀ láti Abidjan, Alàájì dì í sínú gèlè ìyàwó rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà wọlé bí ọmọ ìkókó. Ó ní bí òun bá fi èyí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ohun tí etí ò gbọ́ rí la ó gbọ́. Tíṣà ní wáyà ni wáyà, ó ní kó lọ fi sá aṣọ. Bí wọ́n ṣe di ọ̀tá nìyẹn, àwọn bàbá tó ní ọmọ ọmọ, wọn ò kí ara wọn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àṣá gbé adìyẹ mi funfun, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi nínú ọyẹ́. Ọmọ adìyẹ tí kò ní ìyá, ooru ni ìyá rẹ̀. Mo wò yíká, ibo ni ooru wà nínú ilé yìí? Bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri. Ẹ̀rọ rẹ nìkan ló gbóná, pẹ̀lú àwọn ìgò kéékèèké orí rẹ̀ tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná, ìwọ fúnra rẹ lo sì ní kí n máa tàn án sílẹ̀ kí ó gbóná kí wọ́n tó dé. Mo ní Ọlọ́run ò fi nǹkan ṣòfò. Mo kó wọn sínú páálí, mo gbé páálí sẹ́yìn tábìlì ẹ̀rọ, lápá òsì, mo fi ìborùn bò ó. N kò gbé nǹkan kan lé ẹ̀rọ lórí o, mo pa òfin rẹ mọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Alàájì so wáyà tuntun mọ́ ọn. Tíṣà náà wá, yẹ̀yẹ́ ló wá ṣe. Wọ́n gbé àwo obìnrin kan sí i, orin jẹ́jẹ́ kan tí àwọn méjèèjì ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe wọn. Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀ kó lè mí, ni ẹyẹ bá ké. Tíṣà lajú, ó tún dijú, ẹyẹ tún ké. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu omijé, ó ní láti ìgbà tí òun ti wà nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni òun ti ní irú àwo yìí, òun ò gbọ́ ẹyẹ nínú rẹ̀ rí. Ó ní wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọrin náà ni, ó ní àárọ̀ kùtù sì ni. Alàájì ní òun ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, ìrẹ̀lẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun sọ ọ́. Wọ́n dìde, wọ́n dì mọ́ra wọn, Tíṣà bẹ Alàájì, ó sì bẹ wáyà.

Èmi yọjú láti yàrá, mo ní ẹyẹ wo, ṣé tèmi? Alàájì fi ìka lé ètè, ó ní dúsúmọ́ọ̀, Màmá, dúsúmọ́ọ̀. Faransé ni, wọ́n ní kí n rọra ni. Mo rọra. Mo tún yọjú nígbà tí àwo parí, Tíṣà ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, à ń gbọ́ nǹkan lọ́wọ́, orin sì ti tán nígbà yẹn o. Ṣé kí n wá bá wọn jà ní pálọ̀ ọkọ mi ni? Mo padà sí yàrá mi tó ṣílẹ̀kùn sí pálọ̀ lápá ọ̀tún, mo jókòó ti ilẹ̀kùn, èmi àti ikọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n fi fóònù gba ohùn náà, wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo bi wọ́n pé awakọ̀ wo ló ń lọ sí Èkó, kí n bá a fi gàrí rán sí ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, fóònù mi dún, ìwọ ni, lọ́jọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀! Ọmọ mi, inú mi dùn, n kò ní fi pamọ́, ohùn rẹ dà bíi ti ìgbà tí o máa ń sáré bọ̀ láti ilé kéwú. O ní ẹyẹ, Màmá, ẹyẹ! O ní ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ ò gbọ́ ọ ni? O ní níparí oṣù yìí, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí etí wọn mú bíi tìrẹ ń bọ̀ wálé láti wá fi etí ara yín gbọ́ ọ. Láti Iléyá èṣí ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá wò mí. Orúnkún mi ò tó ohun tí í gbé ọ wálé, ikọ́ ò tó o, ọmọ adìyẹ ló tó o.

O tún ní ẹyẹ nìkan kọ́. O ní obìnrin kan wà nínú àwo náà, lápá ọ̀tún, tó ń wúkọ́. O ní o ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, etí rẹ sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ, pé àgbàlagbà ni, pé ó wà lórí ìjókòó, pé ilẹ̀kùn ló wà láàárín òun àti olórin, pé kò jọ pé ẹnikẹ́ni bu omi fún un. O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ràn ikọ́ náà ju ẹyẹ lọ. Mo fẹ́ fèsì, ikọ́ gbé mi, ni o bá ní Màmá, nẹ́tíwọọ̀kì yín ti ń hó o, o sì pa á.

Bàrákátù ní kí n dákẹ́, ó ní kí n máa ra ọmọ adìyẹ tuntun sínú páálí kí ẹyẹ má bàa tán nínú àwo títí o fi máa dé. Mo rò ó títí. Bí mo bá sọ òótọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé o ò ní wá mọ́, n kò sì lè fi adìyẹ tan ọmọ tí mo bí. Nítorí náà gbọ́ o, ẹyẹ yín, adìyẹ mi ni. Wọ́n ti ń dàgbà, ìyẹ́ ti bò wọ́n, ohùn wọn ti ń nípọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Tíṣà kíyè sí i pé ohùn ẹyẹ náà ti yí padà, Alàájì ní wáyà náà ló ń gbó, ó ní bó ṣe ń gbó ni yóò máa dára sí i. Má sọ fún wọn. Láti ọjọ́ ẹyẹ yẹn ni wọn ò ti jà mọ́, bí wọ́n bá mọ̀, wáyà á tún di okùn ìsáṣọ.

Bí o bá ṣì ń bọ̀, má gbé wáyà kankan wá. Bá mi ra omi ikọ́. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú fún oúnjẹ àwọn olórin rẹ, àgbàdo ti wọ́n. Jẹ́ kí n fi fírìjì sí sólà, n ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní kí n tó kì í bọ̀ ọ́. Kí o sì bá mi já bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lára ògiri, ó ti sùn tó. Èyí tó bá jẹ́ akọ nínú àwọn ẹyẹ náà, a ó pa á fún ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀. Yóò la ọ̀nà fún ọ níbi tí o ò rò. Ọjọ́ alẹ́ rẹ yóò dára ju ti òwúrọ̀ lọ, bí o bá sì darúgbó, Irfan yóò dá ohùn rẹ mọ̀, kò ní pè é ní nẹ́tíwọọ̀kì. Àmín.

Ti obìnrin tó ń wúkọ́ lápá ọ̀tún, tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí Abidjan. Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Sàrátù, ìyá rẹ.