Kànga Wa Ló Tàn Jù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọ̀gá rẹ tí kì í jẹ́ kí o jẹun ọ̀sán ńkọ́? Iṣẹ́ tí ò ń ṣe kò ní ṣe ẹ́. Ara bàbá rẹ le, àfi pé ó ń hanrun, àmì pé ó wà láàyè sì nìyẹn.

Ìgò oògùn tí ẹ ṣe ní yàrá àyẹ̀wò yín, tí o fi rán dírẹ́bà, ti dé ọwọ́ mi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò. Mo ṣe bí o ṣe wí: mo bu omi kànga wa sínú ife gíláàsì, mo kán oògùn sí i, mo ti fèrèsé pa, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Omi náà mọ́lẹ̀ yòò bí ojú ológbò. O ní ohun kan wà nínú oògùn yẹn tí kì í dá tàn, àfi tó bá gbá òjé mú nínú omi, irú òjé tó máa ń wà nínú bátìrì ọkọ̀. Ó yé mi. Bí àbúrò mi obìnrin ṣe rí nìyẹn, kì í rẹ́rìn-ín àfi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ba owó.

Mo gbé oògùn lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tó múlé tì wá, a kán an sí omi tirẹ̀. Ó ṣú dùdù. Ojú tì í débi pé ó ní tọ́ọ̀ṣì ló ti rẹ̀. Mo ní kó má bínú, pé kì í ṣe gbogbo kànga ló ń yege lẹ́ẹ̀kan náà.

O wá ní tó bá ti tàn, kí a má mu ún. Ṣé mo jọ ọmọdé ni? Àwo tánganran inú kọ́bọ́ọ̀dù mi, ṣé o fi jẹun rí títí o fi kúrò nílé? Nǹkan tó bá ń dán, ti àlejò ni. Omi aránṣọ là ń mu báyìí, tiwa ni mò ń pọn pamọ́ sínú ìkòkò ńlá tí mo fi aṣọ funfun bò.

Oníbátìrì tó ń tú bátìrì ọkọ̀ lẹ́yìn ọgbà wa, tó sì ń da omi inú wọn sẹ́bàá kànga, ni mo kọ́kọ́ fi lọ̀. Mo kán oògùn sí omi náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i kó lè mọ iyì ohun tó fẹ́ mu. Ó wo omi, ó wò mí, ó bi mí pé ta ló tún ti rí i. Ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun mọ́. Mo rọ̀ ọ́ títí, ó ní omi náà ju òun lọ. Mi ò mọ̀ pé ó níwà ìrẹ̀lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ti kó gbogbo bátìrì rẹ̀ kúrò, bàbá rẹ ní ọkùnrin náà kò fẹ́ kí ìdọ̀tí rẹ̀ ba irú kànga bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni. Fóònù mi tí mo ní kó bá mi fi bátìrì rẹ̀ gbaná sí bá a lọ, torí náà má wulẹ̀ pè.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí: àwọn òbí ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí wa ní Sátidé tó ń bọ̀. Má fòyà, ìkòkò ti kún. Kí wọ́n tó jókòó ni wọn yóò ti mu ife kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ sílé. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ife tó yẹ irú omi bẹ́ẹ̀, kí o sì fi oògùn sí i, ó ti ń tán lọ.

Ojú rẹ yóò máa tàn níbi gbogbo bí omi kànga wa. Àwọn tó ń wá ìṣubú rẹ, omi aránṣọ ni wọn yóò máa mu.

Èmi ni,
Ìyá rẹ