Obìnrin Tí Kò Ka Òní

Ilé Ràmọ́nì,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Tẹ̀dé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Débọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú ìfaradà òtútù Kánádà. Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Àwa níhìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ètè ti ń là, ṣùgbọ́n iṣu wà nílé, àwọn ọmọ kíláàsì mi ò sì tíì lé mi kúrò ní ilé ìwé. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ayọ̀, nítorí inú ayọ̀ ni mo ti ń kọ ọ́.

Mo ti túmọ̀ ìtàn rẹ tán. Ìtàn kúkurú tó o kọ lédè Òyìnbó, ti obìnrin tó ń dá tọ́jú ọgbà inú ilé onígíláàsì lórí òṣùpá, mo ti sọ ọ́ di Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O rántí pé ẹ̀rù ń bà ọ́ nígbà tó o gbé iṣẹ́ náà fún mi. O ní olóòtú àkójọ ìtàn náà ń ṣiyèméjì pé bóyá ni Yorùbá lè gba irú ìtàn sáyẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀, àti pé bí àwọn ará ilé bá gbọ́ ọ tí kò yé wọn, òun á yọ ọ́, òun á fi ti ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í fi ìtàn sáyẹ́ǹsì kúkurú ṣeré, láti ìgbà tá a ti wà ní ilé ìwé ní Ṣakí, tí a máa ń já ìwé kan ṣoṣo gbà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kì í fi àkókò ṣòfò. Ojú ìwé mẹ́wàá péré, ó ti gbé ọ kúrò láyé, ó ti bi ọ́ ní ìbéèrè tó ò lè dáhùn, ó sì ti dá ọ padà sídìí ọbẹ̀ rẹ kó tó jóná. Ẹni tó bá wá ń túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbádùn rẹ̀.

Yàrá kékeré tí obìnrin náà ń dúró sí kó tó bọ́ síta, tí ilẹ̀kùn kan gbọ́dọ̀ tì kí èkejì tó ṣí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá orúkọ rẹ̀. Mo kọ, mo pa á rẹ́. Àfìgbà tí mo ń wọlé Bàbá Ládòkun, àgbẹ̀ tó múlé tì wá, tí mo fẹsẹ̀ kọ ní ìloro wọn, ni mo pariwo. Kí ni ìloro bí kò ṣe ibi tí èèyàn ń gbà kó tó wọlé gan-an? Bàbá rò pé ejò ni mo rí.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, màmá mi àti Misturat àbúrò mi ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. O mọ̀ pé màmá mi ò gbọ́ Òyìnbó. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ta òrí láti ọjà dé ọjà, láti Tẹ̀dé dé Ofiki dé Komu. Bàbá Ládòkun náà wá bá wa jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún wọn. Bàbá ní kí n dúró ná, irú ilẹ̀ wo ló wà lórí òṣùpá, ṣé ó ń gba iṣu? Mo ní eruku lásán ni. Wọ́n ní á jẹ́ pé ẹ̀wà ni kí wọ́n gbìn síbẹ̀. Bí gbogbo wọn ṣe wọ òṣùpá lọ nìyẹn, tí wọn ò jáde mọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń pèsè afẹ́fẹ́ fún obìnrin náà bàjẹ́, Misturat dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú àgbá kò ju ti ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ìwọ kọ ọ́ pé àwọn ará ayé ránṣẹ́ sí i pé ọkọ̀ yóò dé lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Débọ́lá, ibẹ̀ ni mo ti lọ ṣe fáàrí. Mo wò ó pé “lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún” ti gbẹ jù, mo wá fi ọrún, ojúlówó Yorùbá tí àwọn ará ọjà fi ń pe ọjọ́ karùn-ún, rọ́pò rẹ̀: “Ọkọ̀ yóò dé ní ọrún.” Mo kà á síta, obìnrin inú ìtàn sì bú sẹ́kún, pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò pa òun.

Màmá mi gbójú sókè. Wọ́n ní, “Kí ló ń sunkún sí? Ṣé kò mọ ọjọ́ kà ni?” Mo ní, Màámi, afẹ́fẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló ní, ọkọ̀ sì di ọrún. Wọ́n ní, “Àwáwù, bí a bá ná ọjà lónìí, tí a tún máa ná an ní ọrún, ẹ̀ẹ̀melòó la máa sùn kó tó dé?” Mo fi ìka kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí aláyé ti dáyé nìyí, òní ni ọjọ́ kìíní. Òyìnbó ò ka òní, ọ̀la ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí mo fi ṣe fáàrí ti mú ọkọ̀ yá ní ọjọ́ kan: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tán ni ọkọ̀ ń balẹ̀. Bàbá Ládòkun ti ń ṣàdúrà fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà.

Ojú tì mí, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí n jó. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì rí rí àṣìṣe inú ìṣirò rẹ̀ kí n tó mí. Kì í ṣe pé ó yé wọn nìkan, wọ́n ń bá a jiyàn. Bá mi sọ ìyẹn fún olóòtú rẹ.

Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tó o fi jẹ́ kí ọkọ̀ náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Èmi ni mo wá pàdé rẹ ní gáréèjì Ìsẹ́yìn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí àpò ìrìnàjò wà lọ́wọ́ rẹ, tí màmá rẹ sì ti dákẹ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú. N kò jẹ́ jókòó sí Tẹ̀dé kí n máa fi òǹkà ọjà tún ìbànújẹ́ rẹ kọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá mi, pé ẹni tó kọ ìtàn náà gan-an ni kò bá ìyá rẹ̀ láyé, ọjọ́ kan péré ló fi pẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀gúsí ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní: “Kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé ọjọ́ tí ọmọ bá ti gbéra ni ìyá ti ń ka bíbọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kà á mọ́ àwọn tó wà nílé kó tó lọ.”

Nítorí náà, oríṣi méjì ni mo fi ránṣẹ́. Nínú èkíní, mo yí ọrún padà sí “ọjọ́ kẹfà, tí a bá ka òní mọ́ ọn,” obìnrin náà sì kú bó o ṣe kọ ọ́. Nínú èkejì, ọrún dúró. Ó sunkún, ó jókòó ti ewé ẹ̀wà tó kù nínú ọgbà (dárí jì mí, Bàbá Ládòkun ló fà á), ó wá rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ka ọjọ́ ọjà. Ó fi ìka kà á, ó dìde, ó lọ dúró ní ìloro. Ibẹ̀ ni mo fi sí. N kò kọ ọ́ pé ọkọ̀ dé. Èyí tó o bá mú ni a ó lò, ìwọ lo ni ìtàn, ìwọ lo sì ni ẹkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá bi mí, ìloro ni ọkàn mi wà.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ màmá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere, afẹ́fẹ́ tí kì í tán. Kí ó ṣọ́ ìwọ àti àwọn ọmọ, kí ó jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́, kó má jẹ́ ọ̀ràn ẹkún ni yóò gbé ọ wálé mọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tó di òǹtúmọ̀ rẹ lágbà,
Àwáwù Ràmọ́nì.

Àfikún: Misturat ló ya fọ́tò lẹ́tà yìí kó lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ lórí Wasáàpù, má bínú sí ìka rẹ̀ tó wà ní igun. Màmá mi gbéra lọ sí Komu láàárọ̀ yìí. Kí mọ́tò wọn tó ṣí, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ fún àwọn olórìí ẹlẹgbẹ́ wọn, obìnrin náà sì ti yè ní tiwọn. O ní lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ni olóòtú fẹ́ gba iṣẹ́ wa. Ọrún ni èmi fi í sí, ká má bàa pẹ́. Dá mi lóhùn, kí o sì ka òní mọ́ ọn.