Òjòlá Inú Yàrá Òwú

Ọjọ́ Ìsinmi, 5 Jánúárì, 1913

Ògúndèjì ọdẹ mú òjòlá kékeré kan wá fún wa láti Òkákà. A fi í sí yàrá òwú nítorí eku. Eku ilé yìí kò mọ èèwọ̀.

Inú yàrá yẹn náà ni apẹ̀rẹ̀ Ìyá wà – aṣọ tí a ó fi sin wọ́n ló wà nínú ẹ̀. Sányán gidi. Àwọn fúnra wọn ló ran òwú ẹ̀, Mùílì àbúrò mi ló hun ún. Ó parí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá ní ọkàn àwọn ti balẹ̀, ìgbàkigbà tí ọlọ́jọ́ bá dé, kó dé. Ó dùn mí.

Ògúndèjì ní: òròmọdìẹ kan lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Òjòlá tó yó kì í ṣọdẹ. Mo mú ọjọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Mọ́ńdè, 6 Jánúárì

Mo sọ ọ́ ní Akódà. Ó ń ṣọ́nà, ó ń sùn – bí akódà kóòtù gẹ́lẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, 2 Fẹ́búárì

Akódà ti sanra o! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọrùn ọwọ́ mi. Mo ní afẹ́fẹ́ Ìsẹ́yìn ló bá a lára mu. Ìyá kàn rẹ́rìn-ín.

Jímọ̀, 14 Fẹ́búárì

Ó bọ́ awọ.

Mọ́ńdè, 24 Fẹ́búárì

Lánàá ó kọ òròmọdìẹ, ó kọjú sógiri. Mo bú u títí, bí ẹni pé ó gbédè.

Tọ́sìdè, 27 Fẹ́búárì

Ó bi adìyẹ funfun kan jáde, tìyẹ́tìyẹ́. Èmi kò fún un ní adìyẹ funfun rí.

Mo bi ará ilé. Mùílì ní òun ń fún un ní adìyẹ ní gbogbo Jímọ̀, bí òun bá ti mọ́ṣáláṣí dé. Sàráà ni. Ìyá ní kí ló wá burú ńbẹ̀, ẹmọ́ làwọn ń jù sí i ní gbogbo ọjọ́ ọjà – ṣé àlejò á wà nínú ilé, kí àwọn máa dá jẹun? Mo ní ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Wọ́n ní, “Ìwọ náà sọ fún mi?”

Jímọ̀, 28 Fẹ́búárì

A ṣí apẹ̀rẹ̀. Eku ti gé aṣọ Ìyá wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Akódà ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń sùn.

Ta ni yóò sọ fún Ìyá? Mùílì ní èmi lẹ̀gbọ́n. Mo ní òun ló hun ún.

Sátidé, 1 Máàṣì

Mo sọ ọ́. Ìyá da aṣọ náà sórí ẹsẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Ojú tì mí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lu òjòlá o, àwa la bọ́ ọ yó.

Ọjọ́ Ìsinmi, 2 Máàṣì

Akódà kò rí nǹkan jẹ lónìí. Àfi eku tó bá fẹnu ara rẹ̀ mú. Àṣẹ Ìyá.

Mọ́ńdè, 3 Máàṣì

Kí n tó jí, Ìyá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rànwú. Òwú ń já, wọ́n ń so ó. Ojúọlápé ará iwájú ilé wá kí wọn, ó béèrè àlàáfíà ara. Ìyá ní, “Èmi? Mi ò tí ì ráyè kú o. Mi ò láṣọ.”

Mo lọ bá Mùílì nídìí òfì. Mo ní bí òwú yẹn bá dé ọwọ́ rẹ̀, kó rọra máa hun ún. Ó ní òun kò tilẹ̀ ní í kánjú rárá.